Mo Gba Ìsinmi, Ọkàn Mi Kò Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìfowópamọ́ kan ní Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń mójú tó ìwé àwọn oníbàárà tó fẹ́ yá owó. Nígbà ìsinmi mi ní ọdún tó kọjá, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa lọ sí Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣùgbọ́n orí fífọ́ ni mo fi gbogbo rẹ̀ ṣe, oorun sì ń dá lójú mi ní ìdájí. Ní ọjọ́ tí a gun òkè, nígbà tí àwọn yòókù ń wo ààfin àtijọ́ tó wà níbẹ̀, èmi ń gbé fóònù sókè sódò, mo ń wá nẹ́tíwọ̀kì, kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀gá ti buwọ́ lu ìwé kan tí mo fi sílẹ̀. Àwọn ẹbí tó gbọ́ pé mo wà nínú ìsinmi náà kò jẹ́ kí n gbádùn, owó ni wọ́n ń béèrè. Ọkọ mi ní ká kúkú jókòó sílé ní oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ yìí. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Àwọn Ọmọ, Ṣùrùlérè.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Bí iṣẹ́ bá ń lé ènìyàn láti oṣù dé oṣù, ara a máa tú àwọn họ́mónù bí adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń mú kí àyà máa lù kìkì, kí iṣan ọrùn le, kí oorun sì fò lójú, irú ara bẹ́ẹ̀ kì í sì í rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìrìn àjò ìsinmi fúnra rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Ní ọdún 1967, àwọn dókítà Amẹ́ríkà méjì, Thomas Holmes àti Richard Rahe, to ohun 43 tó máa ń kó ìdààmú bá ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì: ikú ọkọ tàbí ìyàwó gba 100, ìgbéyàwó gba 50, ìsinmi náà kò ṣàì gba 13. Ẹni tó bá ti kó ọmọ sínú ọkọ̀ rí, tí ó wá bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kankan láti là á yé e.

Síbẹ̀, lójú tèmi, ìwé tí ọ̀gá kò tíì buwọ́ lù yẹn gan-an ni ó ba ìsinmi yín jẹ́. Láti ọdún 1927 ni Bluma Zeigarnik, onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn, ti kọ̀wé pé iṣẹ́ tí a kò parí a máa rọ̀ mọ́ iyè ènìyàn ju èyí tí a parí lọ. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí Masicampo àti Baumeister wá rí i pé bí ènìyàn bá ti ṣètò gúnmọ́ lórí bí òun yóò ṣe parí iṣẹ́ náà, ọkàn rẹ̀ a fi í sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìsinmi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oníbàárà tí ìwé rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ohun tó kù lórí rẹ̀, ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Kí ẹ bá ẹni náà jókòó, kí ẹ fa iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ níṣojú ọ̀gá, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan dání.

N kò ní sọ pé kí ẹ pa fóònù, nítorí mo mọ̀ pé ẹ kò ní pa á. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó pípé, ṣùgbọ́n kò dárúkọ fóònù rárá. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe òfin tiyín. Ẹ pa ariwo ẹgbẹ́ WhatsApp ibi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Kí ẹni tí ẹ fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́ nìkan ní àṣẹ láti pè yín, kí ẹ sì yan ìdajì wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tí ẹ óò fi máa yẹ iṣẹ́ wò. Bí àníyàn bá dé ní ìdájí, ẹ má ṣe bá a jà lórí ibùsùn: ẹ dìde, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sọ fún un pé ó di ọ̀sán.

Ní ti orí fífọ́, ẹ ronú wò bóyá kọfí ọ́fíìsì ni ẹ dá dúró lójijì, nítorí ẹni tó ti mọ́ lára kì í pẹ́ ní orí fífọ́ bí kò bá rí i mu.

Ọ̀rọ̀ ẹbí kò gùn. Ẹ ya iye kan sọ́tọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ọkọ yín mọ̀ sí i. Bí iye náà bá ti tán, ẹ ní ó di ìgbà tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì gbé àwòrán sórí status títí ẹ ó fi padà dé, nítorí àwòrán ni ó máa ń pe ẹni tó fẹ́ yá owó.

Kí bàbá àwọn ọmọ má bínú sí mi: jíjókòó sílé kò ní yanjú èyí, ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn mọ Ṣùrùlérè ju Ìdànrè lọ. Ẹ fi ọjọ́ kan sinmi nílé kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má sì gun òkè kankan ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Àtẹ̀gùn Ìdànrè yẹn nìkan lé ní 600. Ṣùgbọ́n bí oorun bá ṣì ń dá lójú yín nísinsìnyí tí ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ má ṣe dúró de oṣù Kejìlá. Ẹ lọ jẹ́ kí dókítà yẹ ìfúnpá yín wò, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi yìí fún un.