Ṣé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe gìtá ló ń sọ bó ṣe dára tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gìtá oníná ni mo fẹ́ rà. Méjì ló wà níwájú mi: wọ́n kọ Mẹ́síkò sára ọ̀kan, wọ́n kọ Indonéṣíà sára èkejì, owó wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má fọwọ́ kan èyíkéyìí, kí n rọra máa tọ́jú owó títí tí màá fi lè ra ti Amẹ́ríkà. Ṣé òótọ́ ni pé ibi tí wọ́n ti ṣe gìtá la fi ń mọ èyí tó dára?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe irọ́ pátápátá. Orúkọ orílẹ̀-èdè tó wà lórí gìtá máa ń jẹ́ kí ẹ fojú bù iye tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ ná lórí irú gìtá bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò lè sọ fún yín bóyá ọrùn èyí tó wà lọ́wọ́ yín gún.

Ẹ wo Fender, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá. Corona ní California ni wọ́n ti ń ṣe ti Amẹ́ríkà, Ensenada ní Mẹ́síkò sì ni ilé-iṣẹ́ wọn kejì ti wà láti 1987. Ọ̀gá kan náà ló ni méjèèjì, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló sì ń gé igi ní ibi méjèèjì. Taylor, ilé-iṣẹ́ gìtá mìíràn, náà ń ṣe gìtá ní El Cajon ní California, ó tún ń ṣe é ní Tecate ní Mẹ́síkò, ní òdìkejì ibodè. Owó òṣìṣẹ́ ló yàtọ̀, àti ohun èlò tí wọ́n ní kí wọ́n lò, àti iye àkókò tí wọ́n fún ẹni tó ń fi ayùn kéékèèké yọ́ etí fírẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Ní Indonéṣíà ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ Cort ń bá Squier, ẹ̀ka olówó pọ́ọ́kú ti Fender, ṣe gìtá níbẹ̀, ó tún ń bá ilé-iṣẹ́ gìtá PRS ṣe ẹ̀yà SE rẹ̀, owó méjèèjì ò sì dọ́gba rárá. Ohun tí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá bá sanwó fún ni wọ́n ń ṣe fún un.

Àwọn tó ń fi orílẹ̀-èdè díwọ̀n gìtá sábà máa ń gbàgbé Japan. Nígbà kan, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi gìtá ibẹ̀ ṣe. Nígbà tó fi máa di 1977, Norlin, tó ni ilé-iṣẹ́ gìtá Gibson ti Amẹ́ríkà, ti gbé Elger, tó ń ta gìtá Ibanez ti Japan ní Amẹ́ríkà, lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé orí gìtá Ibanez jọ tiwọn jù. Ní 1982, Fender fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ lọ fún FujiGen, ilé-iṣẹ́ gìtá kan ní Matsumoto ní Japan. Láàárín àkókò yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ olórin ń ráhùn lórí gìtá Fender tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà lábẹ́ CBS, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó ra Fender ní 1965: àwọn kan wúwo jù, ọrùn àwọn mìíràn kì í jókòó dáadáa nínú ihò rẹ̀. Amẹ́ríkà náà ni wọ́n kọ sára wọn o.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí wọ́n ti ń fa owó sẹ́yìn nínú gìtá olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n á fi ike rọ́pò eegun níbi nut, ìyẹn pẹ̀pẹ̀ kékeré tí okùn ń gbà kọjá lọ sí orí. Wọ́n á lo bọ́tìnì fọ́lúùmù kékeré àti swíìṣì fífúyẹ́, àti kọ́kọ́rọ́ okùn tí eyín rẹ̀ kò mú dáadáa. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé pààrọ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ohun tí kò ṣeé pààrọ̀ nírọ̀rùn ni igi ọrùn. Bí igi bá ti lọ́ bí okùn tí wọ́n fún, kò sí bí wọ́n ṣe máa yí irin tó wà nínú ọrùn tó máa tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tún ohùn gìtá náà ṣe kó bára mu, nítorí pé ọrùn tí okùn ò fà kò lè sọ òótọ́ fún yín. Ẹ gbé e sókè, ẹ fi ojú kan wo ọrùn láti orí wá sí ara: etí méjèèjì gbọ́dọ̀ máa lọ lọ́gbọọgba. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kápò, ìyẹn ìdè kékeré tó ń tẹ gbogbo okùn mọ́lẹ̀, dì í mú ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní, kí ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́lẹ̀ níbi tí ọrùn ti pàdé ara, kí ẹ sì wo àlàfo tó wà lábẹ́ okùn náà ní fírẹ́ẹ̀tì keje. Mìlímítà 0.2 sí 0.3 ló dára. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń fún truss rod, irin tó wà nínú ọrùn, sí apá ọ̀tún, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lẹ́ẹ̀kan, ká tún ohùn ṣe, ká tún wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó yí i díẹ̀ lójú yín. Irin tó ti yí dé òpin tàbí tó ti há jẹ́ ìdí gidi láti fi gìtá sílẹ̀, ibikíbi tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹ wá ta gbogbo okùn ní fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, láìsáré. Bí ó bá ń han zíì ní ojú kan ṣoṣo, fírẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e ló yọ sókè. Bí ó bá jẹ́ ní fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ mélòó kan, ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn; bí ó bá jẹ́ okùn tí ẹ kò tẹ̀ nìkan ló ń han, wọ́n ti gé nut jìn jù. Bí kọ́ọ̀dù tí ẹ tẹ̀ nítòsí nut bá ń dún ga ju bó ṣe yẹ nígbà tí okùn tí ẹ kò tẹ̀ bára mu, nut ló ga jù. Ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ohùn tí ẹ bá tẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohùn agogo ibẹ̀ (èyí tó ń dún bí ẹ bá kàn fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀) mu lójú ẹ̀rọ ìwọnhùn. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ ti saddle okùn yẹn, irin kékeré tí okùn gbé ara lé lórí ara gìtá, sẹ́yìn, kí okùn gùn sí i. Ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá yẹn kan náà, àlàfo mìlímítà 1.6 sí 2 láàárín okùn àti fírẹ́ẹ̀tì tó fún gìtá oníná.

Fírẹ́ẹ̀tì tó ń gún ọwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn máa ń mú kí àwọn kan bú Ṣáínà tàbí Indonéṣíà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló sábà ń fà á: igi ń sún kì, irin kò sún kì, orí irin bá yọ síta. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá gìtá lára mu. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè yọ́ ọ láàárín wákàtí kan.

(Bí gìtá tí kì í lo iná lẹ bá fẹ́ rà, ojú àpótí tí wọ́n fi ojúlówó pákó kan ṣe, dípò èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele, ṣe pàtàkì fún ohùn ju orúkọ orílẹ̀-èdè lọ.)

Nínú méjèèjì tó wà níwájú yín, èyí tí ọrùn rẹ̀ gún, tí truss rod rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí kò sì ń han zíì ni kí ẹ rà. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi san iṣẹ́ nut àti fírẹ́ẹ̀tì fún oníṣẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ yín: bí ẹ bá rò pé ẹ máa tún gìtá yìí tà láìpẹ́, ti Amẹ́ríkà máa ń di iye owó rẹ̀ mú ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé orúkọ yẹn làwọn tó ń rà á ń sanwó fún.