Èsì: Etíkun fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀wẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ láti Kubwa lọ sétíkun nínú oṣù Kejìlá, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ̀wẹ̀.

Tarkwa Bay l'Ékòó ni kí ẹ mú. Ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà èbúté ló ń gba ìgbì òkun dúró, ìdí nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi máa ń rọlẹ̀ ju ti etíkun Elégùṣì ní Lekki lọ. Ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ débẹ̀. Ẹ má wọ èyí tí kò bá ní life jacket tó bá ara ọmọdé mu. Ti àgbàlagbà á bọ́ lọ́rùn ọmọ nínú omi ni. Ẹ tètè padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Elégùṣì dáa fún fàájì àti súyà (bíi pé súyà wọ́n yín l'Abuja!), kì í ṣe fún ìwẹ̀ ọmọdé.

Etíkun Ibeno ní Akwa Ibom náà gbòòrò dáadáa: bàálù dé Uyo, kí ẹ wọkọ̀ gba Eket.

Níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ wo omi. Ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tó dúdú tó sì parọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì tó ń hó, ibẹ̀ gan-an lomi ti ń wọ́ èèyàn lọ sójú agbami. Ẹni tí omi náà bá gbé, kó má bá a jà. Kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́, kó tó kọjú sí etíkun. Àwọn ọmọ yín ò gbọdọ̀ kọjá ibi tí omi dé orúnkún wọn.