Ẹ́ńjìnnì ìje nínú Lotus Elan: ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ní Lotus Elan ọdún 1967, ọkọ̀ kékeré onísáré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì ti rí ẹ́ńjìnnì Cosworth BDA kan tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ìje. Ẹ wá ń béèrè bóyá gíà oní-mẹ́rin tó wà nínú Elan yín á lè gbà á. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí sí Elan tèmi níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí n tó dé orí gíà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ooru, torí òun ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo.

Gbígbé e wọlé kò le. Ìdílé Ford kan náà ni bulọ́ọ̀kù BDA àti bulọ́ọ̀kù Twin Cam 1558 cc, ẹ́ńjìnnì tí Lotus fi sínú Elan, ti wá, nítorí náà gíà á so mọ́ ọn. Ẹ ṣáà wọn abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dáadáa, bulọ́ọ̀kù BDA fi sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ ìyókù.

Ooru wàyí. Lórí pápá ìje, atẹ́gùn ń fẹ́ wọ rédíétọ̀ ní gbogbo ìgbà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìje kò fi ní fáànù. Ẹnu Elan kéré, rédíétọ̀ rẹ̀ náà kéré. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 105 ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀gá tó tún ẹ́ńjìnnì mi ṣe, tó gba owó gọbọi, ló wò mí lójú tó ní rédíétọ̀ àtijọ́ á tó. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan lórí M25, títì márosẹ̀ tó yí Lọ́ńdọ̀nù ká, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dé. Ẹ́ńjìnnì tó ní káàmù ìje (káàmù ni irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ tí ọkọ̀ bá dúró. Àfi kéèyàn máa tẹ tọ́tù, ìyẹn pẹ́dàlì tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ sáré, kó má baà kú, bẹ́ẹ̀ gbogbo títẹ̀ yẹn ooru ni. Abẹ́rẹ́ ń gòkè, mo ń wò ó. Tírélà wà lọ́tùn-ún, tírélà wà lósì, kò síbi tí mo lè yà sí. Oru bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo fi ráyè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gásíkẹ́ẹ̀tì ti bẹ́, tọ́ọ̀pù sílíńdà ti tẹ̀, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì títí ó fi funfun bí ẹ̀kọ mímu. Ọ̀gá yẹn wá ní n kò mọ bí wọ́n ṣe ń wa ẹ́ńjìnnì ìje. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní! Ta ló ń sáré ìje nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ?

Rédíétọ̀ àlùmíníọ́mù tó nípọn ni kẹ́ ẹ rà, pẹ̀lú fáànù oníná méjì. Ẹ dí gbogbo àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa kí atẹ́gùn má lè yí i ká kọjá. Ẹ fi tẹmositáàtì, ohun tó ń ṣàkóso bí ooru ṣe pọ̀ tó, sí i, ti omi àti ti ọ́ìlì méjèèjì. Àwọn fáànù yẹn ń jẹ iná, ẹ́ńjìnnì ìje sì lè má ní ibi tí wọ́n ń so ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, mọ́, ẹ wá ẹni tó máa rọ ọ́ fún yín. Láàárọ̀, ẹ má tẹ tọ́tù gidi títí ọ́ìlì fi máa gbóná. Omi á ti gbóná tipẹ́ kí ọ́ìlì tó gbóná.

Ẹ pe àwọn oní-ìnṣọ́ránsì kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó gbé fóònù mi kò gbọ́ ju “ìje” lọ. Ó pa ìwé mi rẹ́. Àwọn tó ń gba ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti tún ṣe ni kẹ́ ẹ wá, kí wọ́n sì kọ iye tí ọkọ̀ tó sílẹ̀. Ẹ fi V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ránṣẹ́ sí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, torí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ti yí padà. Ọkọ̀ tó lé lógójì ọdún kò nílò MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti yí i padà gidi láàárín ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó nílò rẹ̀. Ẹ máa ṣe é lọ́dọọdún.

Iná iwájú Elan ńkọ́? Fífà atẹ́gùn láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń gbé e sókè. Káàmù ìje kì í fà á dáadáa, iná lè wólẹ̀ lóru lójú ọ̀nà. Ẹ fi pọ́ǹpù oníná sí i. Ẹ pààrọ̀ ọ́ọ̀sì epo náà. E10, epo bẹntiróò tí wọ́n po ẹtánọ́ọ̀lù mọ́ tí wọ́n ń tà níbí láti 2021, ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́.

Gíà tí ẹ béèrè: tí BDA yẹn bá wà bó ṣe wà nínú ọkọ̀ Ford Escort RS1600 ọdún 1970, ní nǹkan bí agbára ẹṣin 120, gíà yín á gbà á. Tí ó bá ti kọjá 200, rọ́bà Rotoflex tó wà lára ṣáfùtù ẹ̀yìn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, lẹ́yìn náà dífà, ìyẹn gíà ẹ̀yìn tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, kó tó kan gíà. Ẹ béèrè nọ́ńbà káàmù rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi kẹ́ ẹ tó fún un lówó.