Ìdí Tí Àmì Yín Fi Dúró Sójú Kan Nínú Pac-Man

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé ní Kàbà, bí kò bá sì sí oníbàárà, mo máa ń gbá Pac-Man àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí n kò ti kọjá ìpele kẹrin, àmì mi kì í sì í ju bíi 20,000 lọ. Àbúrò mi tí ó wà ní Mọ̀pà ní ọwọ́ mi ti wúwo nítorí pé mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ṣé òótọ́ ni?
Oníṣọ́ọ̀bù, Kàbà

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá àbúrò yín lóhùn. Ohun tí ẹ gbójú lé ni eré náà ń gbà lọ́wọ́ yín díẹ̀díẹ̀. Nínú Pac-Man tí Namco gbé jáde ní ọdún 1980, níbi tí ẹ ti ń jẹ kóró tí iwin mẹ́rin sì ń lépa yín, bí ẹ bá jẹ kóró ńlá ní ìpele kìíní, ìṣẹ́jú àáyá 6 ni àwọn iwin fi ń di aláwọ̀ búlúù tí ẹ lè gbé wọn mì. Ní ìpele kẹrin ó ti di 3, ní ìkarùn-ún ó di 2, láti ìkọkàndínlógún sì rèé, wọn kì í di búlúù mọ́ rárá. Ẹni tí ó bá ti sọ kóró ńlá di ibi ìsádi láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí mọ́ bí ó bá dé ibi tí ẹ dé yìí.

Àmì yín gan-an ti tú àṣírí náà. Kóró kéékèèké 240 àti ńlá 4 tó wà ní ìpele kan kò ju 2,600 lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi kóró ńlá kan mú iwin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 200, 400, 800 àti 1,600 ni ẹ ó gbà, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,000. Ìpele kìíní nìkan lè fún yín ní 14,600, láìka èso mọ́ ọn. Ẹ̀rù ni ẹ fi ń jẹ kóró ńlá, nígbà tí iwin kan ṣoṣo wà nítòsí. Ẹ rìn súnmọ́ kóró ńlá náà, ẹ má tíì jẹ ẹ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tò sẹ́yìn yín ná.

Kí ẹ lè fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ìwà wọn. Èyí pupa ń lépa ibi tí ẹ wà gan-an. Èyí píǹkì ń lọ sí ibi tí ó fi àyè mẹ́rin síwájú ẹnu yín, nítorí náà bí ẹ bá kọjú sí i láìbẹ̀rù, ó sábà máa ń yà fún yín, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà gbọ́ títí wọn yóò fi dán an wò. Aláwọ̀ ọsàn ń padà sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó bá súnmọ́ yín ju àyè mẹ́jọ lọ. Gbogbo wọn ni ó ń lọ́ra nínú ihò ẹ̀gbẹ́, èyí tí ẹ lè gbà wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ sì jáde ní òdìkejì.

Ẹ má tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní nígbà gbogbo, nítorí pé ohun tí ẹ ti mọ̀ ni ẹ ń tún ṣe. Bí ètò tó ń gbé eré náà lórí kọ̀ǹpútà yín bá lè fi ibi tí ẹ dé pamọ́ (púpọ̀ nínú wọn lè ṣe é), ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kẹrin pamọ́, kí ẹ sì máa gbá ibẹ̀ nìkan, pàápàá ní àkókò tí iná kò dúró. Ní ti ọwọ́, ẹ máa tẹ ìhà tí ẹ fẹ́ yà sí kí ẹ tó dé orígun náà, nítorí pé Pac-Man ń tipa bẹ́ẹ̀ yá ju àwọn iwin lọ ní gbogbo kọ́nà.