Ṣé iná ẹ̀yìn ilé mi ló ń febi pa àdán?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mò ń gbé, abà àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí àdán kún inú ẹ̀. Mo gbé sẹkiúrítì láìtì méjì síbẹ̀ torí olè, ni bàbá òyìnbó tó múlé tì wá bá wá ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ kí n máa pa á, pé kì í jẹ́ káwọn àdán yẹn ríun jẹ. Kò yé mi o. Ṣebí ìdí iná ni kòkòrò máa ń rọ́ lọ, oúnjẹ ṣáà ni mo kó wá bá wọn? Ìyá Tóbi.

Ìdáhùn: Ìyá Tóbi, òótọ́ ni bàbá yẹn sọ, ẹ má bínú sí i. Ohun tẹ́yin náà sọ kì í ṣe irọ́, àdán kan wà tó máa ń yára gan-an, pipistrelle ni wọ́n ń pè é, ìyẹn máa ń wá ṣa àfòpiná jẹ nídìí iná títì, á sì yó. Àmọ́ àwọn horseshoe, àwọn tí imú wọn rí bíi bàtà irin ẹṣin, tí wọn ò pọ̀ mọ́ rárá, tó jẹ́ pé agbègbè yín níbẹ̀ yẹn àti Wales lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn kù sí ní Britain, wọn ò jẹ́ sún mọ́ iná. Apá wọn fẹ̀, wọn kì í sáré, ẹ̀bá igi ni wọ́n ń rọra gbà lọ, tíbẹ̀ bá wá mọ́lẹ̀ kedere òwìwí lè rí wọn gbé. Ìwádìí kan jáde ní 2009, wọ́n gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí ẹ̀yà kékeré inú àwọn horseshoe yìí ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ ò gbabẹ̀ mọ́, àwọn tó ṣì ń gbabẹ̀ ò tètè jáde.

Àìtètè jáde yẹn ló dùn mí jù, torí bílẹ̀ bá ṣe ń ṣú báyìí gan-an ni kòkòrò ń pọ̀ lójú ọ̀run, ẹni tó bá pẹ́, oúnjẹ ti lọ. Àfòpiná tó yẹ kí wọ́n rí jẹ nínú òkùnkùn náà, iná ti fà á lọ fún pipistrelle. Ọmọ kan péré làwọn àdán yìí sábà ń bí lọ́dún, ìyá tí ò yó, ọmú wo ló fẹ́ fún un? Ní Hungary, ìwádìí kan tó jáde ní 2007 fi hàn pé ara ọmọ àdán ilé tí wọ́n tanná sí kéré sí ti ilé tó ṣókùnkùn.

Ẹ ò ní kí olè wá jà yín o, mo mọ̀. Ẹ ra èyí tó jẹ́ pé téèyàn bá kọjá nìkan ló ń tàn, kó tàn fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ dorí ẹ̀ kọlẹ̀, ẹ má kọjú ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà abà. Iná pupa kì í da àwọn àdán mìíràn láàmú tó funfun, òun ni wọ́n fi sí títì kan ní Worcester ní 2019 nítorí àdán, àmọ́ àwọn horseshoe ń yẹra fún òun náà. Lálẹ́ ọ̀la ẹ pa iná méjèèjì, kẹ́ ẹ jókòó síta bílẹ̀ ṣe ń ṣú, kẹ́ ẹ ka iye tó bá jáde, ẹ kọ̀wé sí wa padà.