Àkàrà Tó Ń Mu Epo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkàrà tí mò ń dín tà nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́, máa ń mu epo, ó sì máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Omi ló pọ̀ jù. Ẹ má rẹ ẹ̀wà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ kí ẹ tó bó o, kí ẹ sì dúró ti ẹni tó ń bá yín lọ̀ ọ́: wọ́n fẹ́ràn àtimáa da omi sí i kí ẹ̀rọ wọn má baà há! Lẹ́yìn náà, ẹ po ó dáadáa, ìṣẹ́jú 5 sí 10, títí yóò fi funfun, tí yóò sì fúyẹ́. Ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù. Bó bá léfòó, ó ti tó. Ìwọ̀nba tí ẹ fẹ́ dín lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí, torí bó bá pẹ́, á ṣomi.

Òróró tí kò gbóná náà ń dá kún un. Ẹ ju ègé àlùbọ́sà kan sí i. Bó bá hó yíká rẹ̀ kíá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àkàrà kún agbada jù, òróró á tutù.

Ẹ̀wà lílọ̀ tó ti ṣàn tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ po ìyẹ̀fun ẹ̀wà díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe fúláwà.