Fọ́ọ̀mù HPV ọmọ mi àti ohùn tí Màmá fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 12, Year 8 ló wà níbí ní Manchester. Ilé ìwé fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Bí ìyá ọkọ mi ṣe gbọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé abẹ́rẹ́ tí òyìnbó fi ń dí ilé ọmọ àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú pa nìyẹn, pé ṣebí ìdí tí àwọn ará Kano fi lé wọn nìyẹn. Ọkọ mi kò fẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ sí Màmá lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù tí àkókò fọ́ọ̀mù náà fi máa tán. Kí ló wà nínú abẹ́rẹ́ yìí gan-an? Ṣé òótọ́ kankan wà nínú ọ̀rọ̀ Kano? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ wa ti gba tirẹ̀ ní Èkó ní ìparí ọdún 2023, ṣé wọn yóò tún gún un?

Ìyá Mofẹ́

Ìdáhùn

Ìyá Mofẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká ti Kano bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ta gbòǹgbò. Ẹni tó bá sọ fún Màmá pé irọ́ lásán ni, kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán.

Lọ́dún 1996, àrùn yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ ní Kano. Ilé iṣẹ́ Pfizer gbé oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan lọ síbẹ̀, wọ́n sì dán an wò lára igba ọmọdé: ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá kú. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Pfizer ní àrùn náà ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn àwọn, àmọ́ lọ́dún 2009 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Kano. Lóòótọ́, Trovan kì í ṣe àjẹsára, oògùn apakòkòrò ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti sin ọmọ kò ní jókòó ṣírò ìyàtọ̀ yẹn.

Nígbà tó di 2003, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú àjẹsára rọpárọsẹ̀, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan sì sọ pé wọ́n ti po ohun tó ń sọni di àgàn mọ́ ọn. Ẹ wo bó ṣe rí lójú aráàlú: èèyi ń pa ọmọ, ibà ń pa ọmọ, kò sí oògùn ní ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Àfi rọpárọsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn fún, lọ́fẹ̀ẹ́, léraléra. Ìfura á wọlé. Kano dá àjẹsára náà dúró títí di July 2004, ìgbà tí wọ́n rí èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ Mùsùlùmí tí ọkàn wọn balẹ̀ sí. Kí ó tó dìgbà yẹn, àrùn náà ti ti àríwá Nàìjíríà tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí o. Ní Japan, lọ́dún 2013, ìròyìn nípa àwọn ọmọbìnrin tí ara ń ro mú kí ìjọba dákẹ́ lórí abẹ́rẹ́ HPV yìí gan-an. Àwọn tó ń gbà á já wálẹ̀ láti nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún sí èyí tí kò pé ẹyọ kan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlú Nagoya níbẹ̀ kò rí i pé abẹ́rẹ́ náà ló fà á, síbẹ̀ ó di 2022 kí ìjọba tó tún máa rọ àwọn òbí.

Ó yá, ohun tó wà nínú rẹ̀. Gardasil 9 ni wọ́n ń lò níbí. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.5 ml, ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíbí ìmutíì. Èèpo kòkòrò HPV irú mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ìwúkàrà ni wọ́n sì fi ṣe é. Èèpo lásán ni, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tó lè bí sí i, torí náà kò lè kó àrùn ran ọmọ. Alúmíníọ́mù 500 máíkírógíráàmù wà níbẹ̀ láti ta ara jí, pẹ̀lú iyọ̀, histidine, sodium borate, polysorbate 80 àti omi. Kò sí gelatin ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú ọmọ fún flu ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀.

Polysorbate 80 ni àwọn tó ń tan ọ̀rọ̀ àgàn kiri máa ń dì mú. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 1993 níbi tí wọ́n ti gún un fún àwọn ọmọ eku jòjòló, ilé ọmọ wọn sì bà jẹ́. Ẹ fi òṣùwọ̀n wò ó: 50 máíkírógíráàmù ló wà nínú abẹ́rẹ́ Mofẹ́. Èyí tó kéré jù tí wọ́n gún eku ní ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ìlọ́po ogún ìyẹn, ọjọ́ mẹ́rin léra wọn, eku tí kò wúwo ju ẹyọ owó pọ́n-ùn kan tàbí méjì lọ. Polysorbate 80 yìí kan náà wà nínú áísìkiriìmù.

Ní ti pé àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń dọdẹ: ọmọ tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gún níbí, lọ́dún 2008. Nàìjíríà kò bẹ̀rẹ̀ títí di October 2023. Àwọn tó gbà á níbí ní ọmọ ọdún 12 lọ́dún 2008 ti tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, ọ̀pọ̀ wọn ti di abiyamọ. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé ní England, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fi 87 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó gbà á ní ọdún 12 sí 13. Jẹjẹrẹ yẹn gan-an ló ń sọ obìnrin di àgàn, torí nígbà púpọ̀ wọ́n ní láti gé ilé ọmọ kúrò tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán jó o. Ní Nàìjíríà, ìṣirò ọdún 2020 sọ pé nǹkan bí 12,000 obìnrin ló ní in, nǹkan bí 8,000 sì kú. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọ̀rọ̀ "kò ní bímọ mọ́" ni wọ́n fi ń lé àwọn ìyá sá fún un.

Wọ́n ń fún wọn ní kékeré torí pé kò lè lé HPV tó bá ti wọ ara. Lóòótọ́, ìbálòpọ̀ ló ń tan HPV kálẹ̀, ṣùgbọ́n gbígba abẹ́rẹ́ náà kò jẹ mọ́ ìwà ọmọ. Àwọn ọkùnrin Year 8 náà ń gbà á, torí HPV ń fa jẹjẹrẹ ọ̀fun.

Fọ́ọ̀mù yẹn: ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lọ́dọ̀ GP, dókítà ìdílé yín, gẹ́lẹ́. Orúkọ wa gùn. Tí ti ilé ìwé bá yàtọ̀ sí ti GP, àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ lè sọnù. Ẹ kọ gbogbo oògùn tó ń lò àti ohun tí ara rẹ̀ kọ̀. Tí ẹ kò bá dá a padà, wọ́n lè fò ó lọ́jọ́ náà. Ẹ ó wá máa wá ibi tí wọ́n ti ń gún àwọn tó pàdánù. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé òfin ibí gba ọmọ tí kò tíì pé 16 láàyè láti fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ tí nọ́ọ̀sì bá rí i pé ó yé e dáadáa, nítorí náà ẹ bá Mofẹ́ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

Lọ́jọ́ náà, kí ó jẹun kó tó jáde, kí ó wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ká sókè wẹ́rẹ́. Òòyì tó ń kọ́ àwọn ọmọ lórí ìlà sábà máa ń jẹ́ ti ìbẹ̀rù: ọ̀kan á ṣubú, ẹ̀rù á ba èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti dákú rí, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n gún un ní ìdùbúlẹ̀, kí ó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 15. Apá lè wú, orí lè fọ́ ọ, ara rẹ̀ lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Tí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí tí kò bá lè mí dáadáa, 999 ni kí ẹ pè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un níbí láti September 2023, àfi ọmọ tí agbára ìdènà àrùn inú ara rẹ̀ bá kéré. Ẹ mú káàdì Èkó lọ fún GP kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tí káàdì bá sọnù, ẹ ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì.

Màmá wá kù. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ pè wọ́n, kí ó má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kí ó kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ Kano ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kó tó wá sọ ti jẹjẹrẹ. Kí ó tún bi wọ́n bóyá ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 kan wà ládùúgbò tí kò lọ sílé ìwé, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ tàbí tó ń kiri ọjà, torí ilé ìwé ni àwọn agúnnilábẹ́rẹ́ sábà máa ń lọ, wọn kì í rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìbàdàn. Màmá ló lè fà á lọ́wọ́ dé ibẹ̀.